Káàdì Tí Wọ́n Ń Pè Ní Dẹ̀rẹ́bà

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa: Gúlúù kì í ṣe èèyàn burúkú. Òjòwú ni. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé òjòwú kò lẹ́ran láyà. Ọkùnrin yìí náà rí pẹ́lẹ́bẹ́ bíi páálí tó fi ń ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún ìwé dì. Ìwé tó bá ti já, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó, tí ewé rẹ̀ ń fò kiri, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Á fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an, á gé páálí tuntun sí i, á fi gúlúù lẹ̀ ẹ́, á wá gbé e sábẹ́ irin tó wúwo títí di ọjọ́ kejì. Òun fúnra rẹ̀ ló ń se gúlúù ọ̀hún, ó sì máa ń fi yangàn pé ohun tí òun bá lẹ̀, ikú ló kù tó lè yà á. Ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Àwọn ọmọdé àdúgbò ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó lórúkọ míì.

Ó ti lé lógójì ọdún dáadáa kó tó gbéyàwó. Opó kan tó ń ṣe búrẹ́dì ní òpópónà kejì ló fẹ́, obìnrin tó ga, tẹ́rìn-ín kì í jìnnà sí i, tí ìyẹ̀fun kì í kúrò létí irun rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, awakọ̀ tírélà tí gbogbo ayé ń pè ní Dẹ̀rẹ́bà, ti kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Àìsàn ló pa á. Ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, tó ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlá báyìí. Ìyá oníbúrẹ́dì náà ń gbé lọ́dọ̀ wọn, arúgbó tí ojú rẹ̀ ṣì mú bíi ti àṣá. Nígbà tó sì jẹ́ pé yàrá kan ni Gúlúù ní, òun ló kó ẹrù wá sílé ìyàwó.

Àwòrán Dẹ̀rẹ́bà wà lára ògiri pálọ̀. Ìyẹn ò dun Gúlúù. Kóòtù Dẹ̀rẹ́bà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyẹn náà ò dùn ún, ó tiẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ bí òtútù bá mú. Òkú ni, òkú kì í jẹ búrẹ́dì ẹni. Ohun tó wá fa gbogbo wàhálà kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ.

Nínú ilé náà, bí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tán, wọ́n á nu tábìlì, wọ́n á ta káàdì. Ayò kan ṣoṣo ni wọ́n ń ta, Mẹ́rin-pé ni wọ́n ń pè é. Gúlúù ò mọ káàdì rárá. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ, ìyẹn sì gbà pé ọ̀lẹ ló ń jókòó ti káàdì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n pín in fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ìwé orin, ó sì kọjú gbogbo rẹ̀ sí àwọn tó kù.

"Bọ̀dá Gúlúù," ọmọbìnrin náà ní, "à ń rí gbogbo ẹ̀ o."

Òun náà ló kọ́ ọ. "Kò le," ó ní. "Ẹ máa wá mẹ́rin tó jọra. Ọba mẹ́rin, tàbí márùn-ún mẹ́rin, tàbí méje mẹ́rin. Bí ọ̀kan bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè bi ẹni tó bá wù yín bóyá irú ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bó bá wà, ó gbọ́dọ̀ fún yín. Bí kò bá sí, á ní, 'Kò sí, ẹ lọ bù,' ẹ ó wá bu ọ̀kan nínú àwọn tó wà nílẹ̀. Ẹni tó bá kó mẹ́rin-mẹ́rin jù ló borí."

"Bó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, tó wá ní kò sí ńkọ́?"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n ń jẹ ọṣẹ. "Ta ló máa ṣe bẹ́ẹ̀?"

Àga tó kẹ̀yìn sí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí wọ́n ń kó abọ́ sí ni wọ́n fún un. "Àga àlejò nìyẹn," Màmá, ìyá ìyàwó rẹ̀, wí, ó sì lọ jókòó síwájú rẹ̀ gan-an. Káàdì tó bá wọ ọwọ́ Gúlúù, òun gan-an ni Màmá á béèrè. "Àna mi, ẹ fún mi ní ọba yín." "Àna mi, ẹ̀ta méjì yẹn dà?" Àfi bí ẹni pé inú orí rẹ̀ ni arúgbó náà ń gbé. Gúlúù ò rí irú èyí rí, ó kàn ń fún un ni.

Ọjọ́ Àìkú kejì ni ìyàwó rẹ̀ kọjú sí ọmọ, ó ní, "Ṣé Dẹ̀rẹ́bà wà lọ́wọ́ ẹ?"

Gúlúù rò pé òun ò gbọ́ dáadáa.

"Ó wà!" ọmọ pariwo, ó ju káàdì kan sórí tábìlì, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe káàdì gidi. Páálí bisikíìtì ni, ẹnì kan ló fi sísọ́ọ̀sì gé e wọ́gọwọ̀gọ, ó wá fi bírò pupa ya ọkàn sí i lára. Dípò méje ọlọ́kàn pupa ló wà, ọkàn méje ló sì yẹ kó wà níbẹ̀. Gúlúù kà á. Mẹ́jọ ni.

"Ẹ̀kẹjọ jẹ́ ènì," ìyàwó rẹ̀ ní, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ẹ̀rín lójú. "Dẹ̀rẹ́bà tó yà á ní ọ̀kan jẹ́ ènì fún mi. Ẹ tiẹ̀ wo èyí tó wà ní igun yìí, ó dà bí àlùbọ́sà!"

Ẹ gbà mí o! Àlùbọ́sà! Gúlúù yìí, tí kò gé páálí wọ́ rí látọjọ́ tó ti dáyé! Oṣù tó gbé obìnrin yìí níyàwó, ó gba ìwé tó ń kọ ìwọ̀n ìyẹ̀fun àti ṣúgà sí, ó tún un dì fún un, ó fi awọ tó dán bò ó, ó fi wúrà kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn. Obìnrin náà ní, "Ẹ ṣé gan-an ni, ó dára púpọ̀," ó sì gbé e sórí pẹpẹ tó ga jù, kí ìyẹ̀fun má bàa bà á jẹ́. Kò tíì gbé e sọ̀kalẹ̀ láti ọjọ́ náà. Àlùbọ́sà ló wá ń pa á lẹ́rìn-ín títí tó fi ń sunkún. Owú jẹ Gúlúù. Ó jẹ ẹ́ débi pé kò rí oorun sùn dáadáa fọ́jọ́ mẹ́ta.

Ká ní ẹ̀ẹ̀kan ni, ì bá yé e. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni. "Mo fẹ́ Dẹ̀rẹ́bà." "Dẹ̀rẹ́bà mi dà?" "Háà, mo ti rí Dẹ̀rẹ́bà!" Ìyàwó ilé rẹ̀, níṣojú rẹ̀, ló ń la ẹnu pe ọkọ àná bẹ́ẹ̀, òun náà á sì máa wo ọwọ́ ara rẹ̀ bóyá ọkùnrin ọ̀hún wà níbẹ̀. Bó bá wá wà, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi fà á kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin wo ni wọ́n ń fi irú nǹkan báyìí ṣeré fún?

Nítorí náà ó kọ́ ayò náà, ó kọ́ ọ bí ẹni kọ́ṣẹ́. Ó ń ka ohun tó ti lọ, ó ń rántí ẹni tó béèrè kí ni. Kì í ṣe pé ó fẹ́ borí. Ó kàn fẹ́ mọ ibi tí Dẹ̀rẹ́bà wà ní gbogbo ìgbà.

Ọjọ́ Àìkú kan, ó bu káàdì nílẹ̀, ó wò ó, ọkùnrin náà nìyẹn, pẹ̀lú àlùbọ́sà rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi yíjú sí i. "Olówó orí mi," ó ní, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín kó tó la ẹnu, "ṣé Dẹ̀rẹ́bà wà lọ́wọ́ yín?"

Ẹ̀rín tó ti rín sílẹ̀ yẹn ló ba nǹkan jẹ́.

"Kò sí," Gúlúù ní. "Ẹ lọ bù."

Ó rọra ti páálí náà sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Nígbà tí ayò parí, méje ò pé. Mẹ́ta péré ló wà. Wọ́n gbọn aṣọ tábìlì, wọ́n gbé ìtìsẹ̀, wọ́n wá abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Gúlúù náà kúnlẹ̀, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń sọ pé, "Ó mà ṣe o, níbo ló lè gbà?" Ojú ò tì í.

Lọ́jọ́ Ajé, níbi iṣẹ́, ó mú páálí náà, ó fẹ́ fà á ya. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń tún ohun tó ya ṣe, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ya nǹkan. Ìwé atúmọ̀ èdè ńlá kan wà níwájú rẹ̀, ti tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ó ku kó lẹ bébà ìbòrí mọ́ inú páálí rẹ̀. Ó tẹ́ Dẹ̀rẹ́bà síbẹ̀, ó fi gúlúù gbígbóná bò ó, ó lẹ bébà mọ́ ọn lórí. "Máa sùn níbẹ̀," ó ní. Lọ́jọ́ kejì tíṣà wá gbé ìwé rẹ̀ lọ.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó gbé ẹ̀bùn wọlé. Ó ti rí káàdì tó jọ tiwọn lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ohun àlòkù, ó yọ méje ọlọ́kàn pupa níbẹ̀, ó gé etí rẹ̀ kí ó lè bá tiwọn dọ́gba, ó fi omi tíì pa á láró kí ó lè gbó. Iṣẹ́ ọwọ́ rèé o, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò lè dá a mọ̀. "Mo bá yín wá méje gidi," ó ní.

"Ẹ ṣé," ìyàwó rẹ̀ ní.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, kò sẹ́ni tó béèrè méje. Wọ́n béèrè ọba, wọ́n béèrè ẹ̀ta, bí wọ́n bá ti kan méje ẹnu wọn á wúwo. Nígbà tó yá, ọmọ ní, "Màámi, ṣé... ṣé méje wà lọ́wọ́ yín?" Ìyá rẹ̀ fún un, kò rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ìyẹ̀fun òun. Ọjọ́ Àìkú nìyẹn o, wọn kì í po ìyẹ̀fun lọ́jọ́ Àìkú. Gúlúù jókòó síbẹ̀. Ó rò pé bí òun bá ti lé ọkùnrin náà jáde, ààyè á gba òun. Ibi tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀ ló wá gba gbogbo pálọ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, Màmá ń nu abọ́, ó pè é. "Àna mi, ẹ jókòó sórí àga mi." Ó jókòó. Màmá lọ sórí àga àlejò, ó kó káàdì márùn-ún sọ́wọ́, ó ní, "Ẹ wò mí dáadáa. Ẹ wo ẹ̀yìn mi."

Gúlúù wo inú gíláàsì kọ́bọ́ọ̀dù. Ọba kan, ẹ̀ta méjì, mẹ́sàn-án kan, márùn-ún kan, gbogbo rẹ̀ hàn gedegbe láti ẹ̀gbẹ́ èjìká arúgbó náà.

"Háà! Màmá! Ẹ ti ń rẹ́ mi jẹ látọjọ́ yìí!"

"Mo ti ń rẹ́ yín jẹ, bẹ́ẹ̀ ni. Mo sì rí yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ní kò sí."

Ilẹ̀ ò lanu kó gbé Gúlúù mì. Màmá fi aṣọ nu ọwọ́, ohùn rẹ̀ ò le. Ó ní, "Dẹ̀rẹ́bà náà, orí àga yìí ló ń jókòó. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń nà án láyò. Lọ́jọ́ kan ó wẹ̀yìn, ó rí gíláàsì, ó wò mí, ó fa méje ọlọ́kàn pupa ya sí méjì, ó gbé tírélà ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹrin ló padà dé pẹ̀lú páálí yẹn. Mo ní nínú ilé tèmi, ẹni tó bá ba káàdì jẹ́, òun náà ló máa di káàdì. Ìyà ni, àna mi, kì í ṣe oyè. Ká lè máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó gbà. Wọ́n ń pè é ní onínúfùfù, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìyá ìyàwó òun ló ń yọ́jú wo káàdì òun, títí tó fi kú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju èéje lọ. Ẹ lọ bá ìyàwó yín."

Ẹ wá wo ìṣòro. Owú tún jẹ Gúlúù: òkú náà tún wá dáa ju bí òun ṣe rò lọ!

Ó bá ìyàwó rẹ̀ nídìí ààrò. Ó sọ ọ́, kò fi nǹkan kan pa mọ́, àfi ti gíláàsì. Ìyẹn nìkan ló gbé mì. Obìnrin náà dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìyẹ̀fun títí dé ìgúnpá.

"Mo rò pé èmi ni mo gbá a dànù," ó ní. "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń tú pàǹtí. Ẹ̀yin náà bá mi wá a lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù."

"Mo bá yín wá a."

"Tọ́ọ̀ṣì lẹ tàn." Ó fa ọwọ́ yọ. "Ẹ lọ gbé e wá. Tẹ́ ò bá tíì gbé e wá, ẹ má bá mi sọ nǹkan kan."

Tíṣà àgbà ò kọ́kọ́ gbà. "Ìwé tó ò ń fi yangàn pé ikú ló kù tó lè yà á," ó ní, "ìwọ náà lo fẹ́ wá yà á?" Gúlúù dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí ó fi yọ̀ǹda. Ó gbé ìwé náà lọ síbi iṣẹ́, ó se omi, ó fi èéfín omi rọ gúlúù náà díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ tín-ín-rín ṣí i. Kò tíì bú ohunkóhun rí tó bó ṣe bú gúlúù ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó jàjà fa Dẹ̀rẹ́bà jáde, igun kan ò tẹ̀lé e. Ó lẹ̀ mọ́ páálí ìwé pátápátá.

Ó gbé e lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Obìnrin náà kà á pẹ̀lú ìka. Ó tún un kà. Méje ni. Àlùbọ́sà ò sí níbẹ̀.

"Ènì mi ńkọ́?" ó ní.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọkàn kan ṣoṣo yẹn gan-an ni Gúlúù ń jowú. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó gbé káàdì náà lọ sí yàrá, ó tilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ Àìkú, Gúlúù rò pé wọn ò ní ta ayò. Wọ́n nu tábìlì. Wọ́n fa àga àlejò jáde. Ìyàwó rẹ̀ gbé páálí bisikíìtì kan síwájú rẹ̀, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì àti bírò pupa.

"Ẹ mọ òfin ilé yìí," ó ní.

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ yọ káàdì tẹ́ ẹ bá fẹ́ rọ́pò."

Gúlúù wá inú káàdì, ó yọ méje onídáyámọ́ǹdì. Màmá rẹ́rìn-ín sínú, ó mọ ohun tó ń wá: nígbà tó jẹ́ pé méje ni méjèèjì, ẹni tó bá ń wá Dẹ̀rẹ́bà láti òní lọ, á máa wá Gúlúù náà mọ́ ọn. Gúlúù na ọwọ́ sí rúlà. Ọmọ gbé rúlà sábẹ́ ìdí. "Ọwọ́ lásán, Bọ̀dá Gúlúù." Ó fi ọwọ́ lásán gé e, ó wọ́. Ó fi ọwọ́ lásán yà á, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Nígbà tó parí, ọmọ fà á wò, ó kà á.

"Mẹ́sàn-án lẹ yà síbí!"

"Méje ni," Gúlúù ní. "Ẹ̀kẹjọ ni ènì tí mo bà jẹ́. Mo dá a padà."

"Ẹ̀kẹsàn-án ńkọ́?"

"Tèmi nìyẹn."

"Áà! Ṣé òkú lẹ tún ń bá díje ni?" Ọmọ kígbe, Màmá fi orí lé tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ gba káàdì náà, ó gbé e sún mọ́ ojú. Dáyámọ́ǹdì tó wà nísàlẹ̀ ti wú níkùn, ó dà bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Ó gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín. Ó kùnà.

Wọ́n yọ méje gidi kúrò, wọ́n dá Dẹ̀rẹ́bà padà sáàárín káàdì, wọ́n pò ó, wọ́n pín in. Gúlúù gbé tirẹ̀ sókè, ó wò ó: ọ̀kan nínú rẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ikùn wíwú. Ó rántí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo Màmá. Màmá ń wo àjà ilé, ojú rẹ̀ mọ́ bí ojú ọmọ ọwọ́. Gúlúù ò sún àga.

Ó yí kan ìyàwó rẹ̀. Dẹ̀rẹ́bà wà lọ́wọ́ obìnrin náà, Gúlúù mọ igun páálí tó já náà láti ẹ̀yìn. Ó yíjú sí i.

"Olówó orí mi," ó ní, "ṣé Gúlúù wà lọ́wọ́ yín?"

"Ó wà," Gúlúù ní, ó sì fà á lé e lọ́wọ́.